Ọta Ìbọn Tó Há

Ẹ gbé fóònù yẹn sílẹ̀ ná. Ẹ̀yin ọmọ ọmọ mi, etí méjì-méjì ni Ọlọ́run fún yín, ẹ yá mi ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Lánàá tí ẹ fi mọ́tò gbé mi bọ̀ láti ṣọ́ọ̀ṣì, tí a gba ojú títì White Plains, mo ní kí ẹ rọra wà á, ẹ sì rò pé orúnkún ló ń dùn mí. Kì í ṣe orúnkún. Ilé kan ni mò ń wò. Wọ́n ti kùn ún ní funfun, wọ́n ti fi gíláàsì gbàǹgbà síwájú rẹ̀, wọ́n sì ti sọ yàrá abẹ́ ilé rẹ̀ di ibi tí àwọn ènìyàn ti ń sanwó fọ aṣọ. Níbi tí ẹ̀rọ ìfọṣọ wà lónìí yẹn, ibẹ̀ ni èmi ìyá yín àgbà máa ń jókòó sí, tí mo máa ń ti ọta ìbọn gba inú òrùka irin kọjá.

Ẹ má wo ara yín lójú bẹ́ẹ̀. Mo wà nínú ẹgbẹ́ akọrin nígbà yẹn, mi ò sì jalè. Mo mọ̀ pé bí wọ́n bá dárúkọ ìbọn ní Bronx lónìí, ohun tí ẹ ń gbọ́ nínú ìròyìn ló máa sọ sí yín lọ́kàn, àti bí wọ́n ṣe ń kọ́ yín nílé ìwé pé kí ẹ sá pamọ́ sábẹ́ tábìlì. Ó dára kí ẹ bẹ̀rù rẹ̀. Ìbọn tí mò ń sọ yìí, ìbọn ọdẹ ni. Ẹni tó ni ín ní ìwé àṣẹ, inú àpótí irin alágádágodo ló ń gbé, àfi bí àkókò ọdẹ bá dé ló tó ń jáde.

Líróì ni orúkọ onílé yẹn. Èmi ò lè pe ẹni tó tó bàbá mi ní orúkọ lásán, torí náà Bàbá Líróì ni mò ń pè é. Aláwọ̀ dúdú ará Amẹ́ríkà ni, ìhà Gúúsù ni wọ́n bí i sí, ó wá sí New York nígbà èwe rẹ̀, ó sì wa ọkọ̀ sọ́bùwéè títí ó fi fẹ̀yìn tì. Ìyàwó rẹ̀ ti kú. Ọmọ kan ṣoṣo tó ní ni Dẹníìsì, nọ́ọ̀sì ni, òun ló sì gbà mí pé kí n máa tọ́jú bàbá rẹ̀ lójú ọ̀sán. Ìyá yín ṣì wà ní yunifásítì nígbà yẹn, èmi náà kò sì tíì pẹ́ dé. Iṣẹ́ tí wọ́n ní kí n máa ṣe ni pé kí n se oúnjẹ, kí n fún un ní oògùn, kí n sì rí i pé kò ṣubú lórí àtẹ̀gùn. Kò sẹ́ni tó dárúkọ ọta ìbọn fún mi. Ọbẹ̀ àkọ́kọ́ tí mo sè fún un, ata rẹ̀ ta á, omi ń bọ́ lójú rẹ̀, ó sì ní kí n bù sí i. Ọjọ́ yẹn ni mo ti mọ̀ pé a máa bá ara wa gbé.

Kí n tó sọ ti ọta, ẹ jẹ́ kí n mú yín lọ sílé díẹ̀. Bàbá tèmi, alágbẹ̀dẹ ni, ní ìlú wa ní Òkè-Ògùn. Kí àkùkọ tó kọ tán ni ẹ ó ti máa gbọ́ ẹwìrì, fùù, fùù, fùù, lẹ́yìn náà ni òòlù á wá máa dá a lóhùn, kin-in, kin-in, kó. Ohun tí àdúgbò fi ń mọ̀ pé ilẹ̀ ti mọ́ nìyẹn. Àwọn ọdẹ ló máa ń kún ilé àrọ jù, pàápàá bí ẹ̀ẹ̀rùn bá wọlé. Òmíràn á gbé òjé wá, òmíràn á gbé irin kẹ̀kẹ́ tó ti kán wá, wọn á jókòó sórí ìtì igi, wọn á máa purọ́. Ọdẹ kò lè ṣe kó má purọ́, ẹ̀yin ọmọ. Lọ́jọ́ kan, ọ̀kan ń fi ọwọ́ júwe bí ẹfọ̀n tí òun pa ṣe tó, bó ṣe ń na ọwọ́ ló ń fà sẹ́yìn, kò mọ̀ pé fìlà òun ti kan iná. Ìgbà tí èéfín yọ ni bàbá mi ní, "Ẹfọ̀n yẹn ti dé o, orí rẹ ló wà." Omi tí a fi ń pa irin la dà lé e lórí.

Ìbọn ṣakabùlà ni àwọn ọdẹ wa ń lò. Ẹnu rẹ̀ ni wọ́n ti ń kì í: wọ́n á da ẹ̀tù sí i, wọ́n á fi ọta tẹ̀ lé e, wọ́n á fi ọ̀pá tì í lọ sísàlẹ̀. Nítorí náà, ọta gbọ́dọ̀ kéré díẹ̀ sí ẹnu ìbọn. Èmi àti àwọn ẹ̀gbọ́n mi la máa ń yẹ ọta wò fún bàbá wa. Òrùka irin kan wà tí a ń jù ú gbà. Èyí tó bá yọ̀ kọjá wọ̀ọ́, ọta rere nìyẹn. Èyí tó bá há, inú iná ló ń padà sí. Bàbá mi kì í fi ọ̀rọ̀ yẹn ṣeré rárá. Ọdẹ kan wà ládùúgbò wa tí kò ní àtàǹpàkò ọwọ́ òsì, bí ọ̀kan nínú wa bá ń ṣe jàgbàjàgbà nídìí iṣẹ́, bàbá mi á pe ọkùnrin náà, á ní, "Fi ọwọ́ rẹ hàn wọ́n." Ọta tó há ló mú ìbọn bẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ẹ̀kọ́ yẹn wọ̀ mí léegun.

Bí ọdún Ògún bá wá dé, iná kì í jó nínú àrọ. Kẹ́kẹ́ á pa mọ́ gbogbo àdúgbò lẹ́nu. A ó máa jẹ èsun iṣu, epo á máa ṣàn dé ìgúnpá wa, nígbà tó bá sì di ìrọ̀lẹ́, àwọn ọdẹ á yin ìbọn sókè, gbogbo ewúrẹ́ ìlú á sá wọ yàrá onílé. Ìyá mi tó jẹ́ ọmọ ìjọ Mẹ́tọ́díìsì á ti ilẹ̀kùn rẹ̀, á ní òun kò gbọ́ nǹkan kan. Òun náà á sì jẹ nínú iṣu yẹn.

Mo rò pé mo ti fi gbogbo ìyẹn sílẹ̀ nílé kí n tó wọ ọkọ̀ òfuurufú. Àṣé ó ti ṣáájú mi dé Wakefield, àdúgbò wa níbí ní Bronx. Bí ewé igi bá ti ń pọ́n báyìí, tí òtútù bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́, àwọn bàbá àdúgbò Bàbá Líróì kò ní gbé orí ilẹ̀ mọ́. Abẹ́ ilé ni wọ́n ń gbé. Bí o bá ń rìn lọ lójú ọ̀nà, wàá máa gbọ́ ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń tẹ ọta, kẹ̀rẹ̀rẹ̀, tó, kẹ̀rẹ̀rẹ̀, tó, láti ojú fèrèsé kékeré ìsàlẹ̀. Wàá máa gbóòórùn gírísì. Ará Jàmáíkà á nà lórí ọgbà, á bi ará Puerto Rico bóyá ó ti ṣe tirẹ̀ tán. Bí wọ́n bá sì ti igbó òkè ìpínlẹ̀ dé pẹ̀lú àgbọ̀nrín, wọn á pín ẹran yẹn káàkiri òpópónà, ojúlé dé ojúlé. Wọ́n fún mi nígbà àkọ́kọ́, mo fi ata dín in, mo jókòó, mo ń jẹ ẹran ìgbẹ́ ní Bronx, orí mi wú. Mo pe ẹ̀gbọ́n mi nílé lórí fóònù kí ó gbọ́ bí mo ṣe ń fọ́ eegun.

Lónìí ńkọ́? Ohun gbogbo ń bọ̀ wá bá yín lẹ́nu ọ̀nà nínú páálí. Ẹ ò mọ ẹni tó ṣe é, ẹ ò mọ ẹni tó gbé e wá, ẹ ò tilẹ̀ mọ orúkọ ẹni tí ògiri yín kan ògiri rẹ̀. Mi ò bá yín jà. Wọ́n ní ayé kò tọ́ bí ọ̀pá ìbọn, ibi tó bá yà sí làwa náà ń yà sí. Ó kàn ń ṣe mí bákan pé kò sí ariwo kan lábẹ́ ilé ẹnikẹ́ni mọ́, àfi ti ẹ̀rọ ìfọṣọ.

Ìbọn tí Bàbá Líróì ń lò, ọwọ́ bàbá rẹ̀ ló ti jogún rẹ̀. Ó ti gbó. Inú ọ̀pá rẹ̀ ti jẹ, ó ti gbòòrò ju bó ṣe yẹ lọ, débi pé ọta tí wọ́n ń tà ní ṣọ́ọ̀bù kò kún un. Ńṣe ló ń mì nínú rẹ̀ bí ẹsẹ̀ ọmọdé nínú bàtà àgbà. Nítorí náà, láti ìgbà tó ti gbọ́njú, òun fúnra rẹ̀ ló ń ṣe ọta rẹ̀: á yọ́ òjé ní ẹ̀yìnkùlé, á rọ ọ́ kí ó sanra, á sì wá tì í gba inú òrùka irin kan tó bá ìbọn náà mu gẹ́lẹ́, kí gbogbo rẹ̀ lè ṣe déédéé. Ẹ̀rọ ọlọ́wọ́ kan tí wọ́n dè mọ́ tábìlì ló fi ń tì í. Ó gba agbára. Ọwọ́ Bàbá Líróì sì ti ń gbọ̀n.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá le nìyí. Òun àtàwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ ń lọ sígbó ní òfin kan. Ní Sátidé tó ṣáájú àkókò ọdẹ, gbogbo wọn á lọ sí ibi ìyìnbọn kan lẹ́yìn ìlú, wọn á gbé bébà tó ní àmì róbótó kọ́ sí ọ̀ọ́kán. Ẹni tí kò bá lè ta ọta rẹ̀ sínú àmì yẹn, ìbọn rẹ̀ kò gbọdọ̀ wọ igbó lọ́dún náà, kó má baà lọ ta ènìyàn. Òfin tó dára ni, Bàbá Líróì gan-an sì wà lára àwọn tó ṣe é. Òfin yẹn ló wá mú un. Látìgbà tí ọwọ́ rẹ̀ ti ń gbọ̀n, ọta ṣọ́ọ̀bù ló ń lò, ọdún méjì léra ló sì ti tàsé. Ọdún àkọ́kọ́, ó bá wọn lọ, ó se ẹ̀wà fún wọn. Ọdún kejì, ó jókòó sílé, ó dojú kọ ògiri.

Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní ojú rẹ̀ ló ti lọ. Wọ́n ń bá a sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, bí ẹni ń bá aláìsàn sọ̀rọ̀, ìyẹn ló sì dùn ún jù. Dẹníìsì ní tirẹ̀ sọ ọ́ ní gbangba lórí oúnjẹ, èmi náà wà níbẹ̀. Ó ní, "Dádì, bí ẹ bá tún tàsé lọ́dún yìí, ẹ jẹ́ ká ta ìbọn yẹn. Ẹ̀rù ń bà mí." Bàbá Líróì gé àkàrà tó wà níwájú rẹ̀ sí wẹ́wẹ́, kò jẹ ẹ́. Ó ní, "Ó dáa. Bí mo bá tàsé, kí wọ́n gbé e lọ."

Lọ́jọ́ kejì ló pè mí lọ sí abẹ́ ilé. Sísítà ló ń pè mí.

Ó ní, "Sísítà, ṣé ọwọ́ rẹ le?"

Mo ní, "Mo ti gún iyán fún ọkọ, mo gún fún àna. Kí lẹ fẹ́ kí n fi ọwọ́ ṣe?"

Ó fi ẹ̀rọ náà hàn mí. O ó fi gírísì díẹ̀ pa ọta lára, o ó gbé e ka orí òrùka, o ó fa ọwọ́ irin wálẹ̀, kẹ̀rẹ̀rẹ̀, á bọ́ sí ìsàlẹ̀, tó. Inú mi dùn dé ìdí. Ariwo yẹn nìkan mú mi padà dé ilé àrọ bàbá mi. Bàbá Líróì wá ní, "Gbọ́ mi dáadáa. Kì í ṣe gbogbo wọn ló sanra tó bí mo ṣe rọ wọ́n. Èyí tó bá yọ̀ kọjá láìjà, ó tín-ín-rín jù, yà á sọ́tọ̀, a máa tún un yọ́. Èyí tó bá há, tó jẹ́ kí o fi agbára tì í, òun la fẹ́." Mo ní, "Mo ti gbọ́, Bàbá." Ó gun òkè lọ sùn.

Mo fa àkọ́kọ́, ó yọ̀ kọjá wọ̀ọ́. Mo fa èkejì, ó há. Mo fi ara tẹ irin, ó ń han, ó ń jà, kó tó bọ́. Ẹ gbà mí gbọ́, mo rí ọkùnrin aláìlátàǹpàkò yẹn lójú mi kedere. Mo ní, áà, bàbá yìí ti ṣi ọ̀rọ̀ sọ. Èyí tó há ló fẹ́ lò? Mo ní oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ló ń bá a sọ̀rọ̀. Ṣé wọ́n á wá sọ pé ọmọ alágbẹ̀dẹ wà nílé tí ìbọn fi gé arúgbó lọ́wọ́? Bí wọ́n bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, a fi tọmọ jẹ́ ẹ. Mo yí i padà. Èyí tó yọ̀ kọjá ni mo kó sínú abọ́ tí yóò lò. Èyí tó há, mo kó o pamọ́ kó má baà fi ojú kàn án, mo da gbogbo rẹ̀ sínú agolo bisikíìtì tí mo ń kó òwú àti abẹ́rẹ́ sí, mo gbé e sórí fíríìjì. Orin ni mo ń kọ bí mo ṣe ń ṣe é.

Òun fúnra rẹ̀ ló ṣe ìyókù. Kò jẹ́ kí n fọwọ́ kan ẹ̀tù, mo kàn bá a gbé iná ni. Ọmọ ìka rẹ̀ ti kú, kò lè fi mọ èyí tó tín-ín-rín yàtọ̀ sí èyí tó sanra. Ó gba ọwọ́ mi gbọ́. Ó wo ọta tó wà lábọ́, ó ní, "Sísítà, iṣẹ́ rẹ mọ́." Mo fọwọ́ sọ́yà.

Ní Sátidé tó ṣáájú ti ìdánwò, ó ní òun fẹ́ kọ́kọ́ dán ìbọn wò. Dẹníìsì wà wá lọ. Bàbá Líróì jókòó nídìí tábìlì, ó gbé ìbọn lé e, ó mí kanlẹ̀, ó yìn ín. Bébà kò mì. Ó tún yìn ín. Ọ̀kan gba etí bébà lọ, ọ̀kan tilẹ̀ lu òpó tó gbé e dúró, ìyókù, Ọlọ́run ló mọ ibi tí wọ́n gbà. Ó ń yìn ín ṣáá, ojú rẹ̀ ń fà ro sí i, títí ó fi gbé ìbọn kalẹ̀ fúnra rẹ̀. Èmi ní tèmi ń dúpẹ́ lábẹ́lẹ̀ pé ìka rẹ̀ pé.

A wọ mọ́tò, a ń bọ̀ wálé. Ìgbà tí a dé orí afárá ló tó ní, "Ojú mi ni lóòótọ́. Wọn ò parọ́ mọ́ mi." Dẹníìsì na ọwọ́ ọ̀tún, ó di ọwọ́ bàbá rẹ̀ mú títí a fi délé. Inú mi bàjẹ́ gan-an. Ìgbà tí a wọlé, ó ní kí Dẹníìsì pe ẹni tó ń ra ìbọn àtijọ́, kò tilẹ̀ fẹ́ dúró de ọjọ́ ìdánwò mọ́. Ọkùnrin náà ní òun ń bọ̀ ní Ọjọ́bọ̀. Láti ọjọ́ náà, Bàbá Líróì ò jẹun gidi, àfi tíì. Mo se ọbẹ̀ ata, ó ní kí n gbé e kúrò. Ẹni tó máa ń ní kí n bù sí i!

Láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀, mo wà nídìí àwo tí mò ń fọ̀, ó wọ ilé ìdáná wá, ó ń wá nǹkan tí yóò fi mu tíì. Ó rí agolo bisikíìtì lórí fíríìjì. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé kò sí bisikíìtì nínú agolo bisikíìtì ọmọ Nàìjíríà kankan, ṣùgbọ́n ará Amẹ́ríkà ni, kò mọ̀. Ó ṣí i. Ó fa òwú jáde, ó fa bọ́tìnnì jáde. Ó wá gbé ọta kan sí àtẹ́lẹwọ́.

"Sísítà, kí lèyí?"

Mo nu ọwọ́ mi. Mo ní, "Àwọn ọta tí kò dára ni, Bàbá. Àwọn tó há. Mo kó wọn pamọ́ kí ẹ má baà ṣèèṣì lò wọ́n."

"Ta ló ní wọn kò dára?"

"Bàbá mi ni."

"Bàbá rẹ dà?"

"Ó ti kú, ní Nàìjíríà."

Ó fa àga, ó jókòó. Ó ní, "Kí ni mo wá yìn ní Sátidé?"

Mo ní, "Àwọn tó yọ̀ kọjá. Àwọn tó dára."

Mo rò pé yóò bínú. Ó kọ́kọ́ fi ọwọ́ bo ojú, èjìká rẹ̀ ń mì, mo sáré lọ gbé oògùn rẹ̀. Àṣé ẹ̀rín ni. Ó rín in títí ó fi ń wúkọ́, títí mo fi ń gbá a lẹ́yìn. Ó ní, "Sísítà, ojú mi kò lọ! Ojú mi wà níbẹ̀!" Ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Ó ní kí n sọ ti bàbá mi fún òun. Mo sọ ọ́: òrùka, ọdẹ, àtàǹpàkò. Ó fetí sílẹ̀ bí ọmọdé. Ó wá ní, "Bàbá rẹ kò ṣì í. Ẹnu ni ìbọn tirẹ̀ ti ń jẹun, kò gbọdọ̀ há lọ́nà ọ̀fun. Tèmi yìí, ẹ̀yìn la ti ń fi ọta sí i. Wọ́n gbẹ́ ipa wínníwínní yípo inú ọ̀pá rẹ̀. Ọta ní láti há mọ́ ipa yẹn kó tó lè yí bí òkòtó, bó bá sì ń yí ló tó lè lọ tààrà." Wọ́n kúkú ti sọ ọ́ fún wa: bí a ti ń ṣe nílé wa, èèwọ̀ ibòmíràn ni. Síbẹ̀, inú mi dùn pé ó ní bàbá mi kò ṣì í.

Ẹ̀rín yẹn la ṣì ń rín lọ́wọ́ tí Dẹníìsì fi dé láti ibi iṣẹ́. A rò ó fún un. Kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Dádì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tan ara yín jẹ. Tó bá wá jẹ́ ojú ni ńkọ́?"

Bàbá Líróì ní, "Tó bá jẹ́ ojú, Sátidé yìí la máa mọ̀. Sọ fún ọkùnrin yẹn kó dúró di ọjọ́ Ajé."

Dẹníìsì pe ọkùnrin náà, ó ní kó wá lọ́jọ́ Ajé. Lọ́sàn-án ọjọ́ náà ni Bàbá Líróì kó gbogbo ọta inú agolo bisikíìtì jáde, ó yọ òwú kúrò lára wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Ọjọ́ ìdánwò pé. Òtútù mú dé egungun. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti dé ṣáájú wa, wọ́n kí i jẹ́jẹ́, ọ̀kan tilẹ̀ fẹ́ bá a gbé ìbọn, ó fi ìgúnpá ti ọwọ́ rẹ̀ kúrò. Èmi ní tèmi, mo ti gbọ́ àlàyé, mo sì ti gbà, ṣùgbọ́n ara tí ẹ̀kọ́ bàbá mi ti wọ̀ kò gbà. Mo sá sẹ́yìn mọ́tò, mo di etí mi, mo ń ka Sáàmù. Mo gbọ́ ọ tó dún. Mo dúró kí n gbọ́ igbe. Kò sí igbe. Ó tún dún, ó tún dún, ó ń lọ wọ́ọ́rọ́wọ́, bí ẹni tí kò sí ohun tó ń lé e. Lẹ́yìn náà, gbogbo ibẹ̀ dákẹ́, ó dákẹ́ pẹ́ tó fi jẹ́ pé mo yọjú.

Wọ́n ti gbé bébà náà wá. Gbogbo wọn pagbo yí i ká. Gbogbo ihò tó wà lára rẹ̀, àtẹ́lẹwọ́ mi lè bò ó, ó sì wà láàárín àmì gangan. Olórí wọn, ọkùnrin gíga kan tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, wo bébà, ó wo Bàbá Líróì, ó ní, "Kí lo ṣe sí ojú rẹ?"

Bàbá Líróì ní, "Mi ò ṣe nǹkan kan sí ojú mi." Ó yíjú wá ibi tí mo fara pamọ́ sí, ó fi igi àgbọ̀n rẹ̀ tọ́ka sí mi. Ó ní, "Alágbẹ̀dẹ mi nìyẹn."

Ẹ̀yin ọmọ mi, láti ìgbà tí mo ti dé Amẹ́ríkà, oríṣiríṣi orúkọ ni wọ́n ti pè mí. Kò sẹ́ni tó pè mí ní iṣẹ́ bàbá mi rí. Ẹkún gbọ̀n mí, mo sì sọ fún wọn pé òtútù ni. Dẹníìsì kò sọ pé òtútù ni ní tirẹ̀. Ó di mọ́ bàbá rẹ̀ níwájú gbogbo wọn, ó sì fi fóònù pe ẹni tó ń ra ìbọn níbẹ̀ pé kó má wulẹ̀ wá mọ́.

Àárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n ń lọ sígbó, ilẹ̀ kò tíì mọ́ dáadáa tí ọkọ̀ àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ fi dúró síwájú ilé. Mo ti di oúnjẹ rẹ̀. Mo ti to oògùn rẹ̀. Mo ní ọ̀rọ̀ púpọ̀ tí mo fẹ́ bá a sọ nípa ìbọ̀sẹ̀ àti nípa iyọ̀. Ó gba àpò lọ́wọ́ mi, ó gbé ìbọn bàbá rẹ̀ sínú àpótí rẹ̀, ó gun iwájú ọkọ̀ bí ọ̀dọ́mọkùnrin, kò di ohunkóhun mú. Wọ́n ti ń pariwo nínú ọkọ̀ kí wọ́n tó ti ilẹ̀kùn. Ọkọ̀ gbéra, ó yà sí ojú títì White Plains, ó lọ.

Dẹníìsì ní, "Kò tilẹ̀ dágbére fún wa."

Mo ní, "Jẹ́ kó lọ. Ṣé o ò rí i bí inú rẹ̀ ṣe dùn ni?"

A dúró síbẹ̀ nínú òtútù, a ń rẹ́rìn-ín, a ń nu ojú, èmi pẹ̀lú ìrọ̀rí rẹ̀ tó gbàgbé lọ́wọ́, ìrọ̀rí tí Bàbá Líróì kì í lè sùn láìgbé orí lé.